Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣèlú fún ọ̀dọ́ Kristẹni n'Ílọrin: ohun tí owó mi rà

Owó mi ò ṣòfò. Mo ní kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn tó ń bi mí lórí WhatsApp bóyá kí àwọn náà lọ forúkọ sílẹ̀ fún ọ̀wọ́ tó ń bọ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sórí páálí ìpolówó kọ́ ni mo bá bọ̀ o. Wọ́n ní àwọn yóò sọ wá di aṣáájú tí yóò gba ìjọba. Èmi tí ẹ ń wò yìí, n kò tíì gba nǹkan kan. Ohun tí mo lè ṣe báyìí tí n kò lè ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé mo lè ṣí ìwé ìṣúná ìpínlẹ̀ Kwara, kí n wá ojú ibi tí wọ́n kọ iṣẹ́ ìlú wa sí. Mo lè kọ lẹ́tà sí káńsù kí akọ̀wé wọn má lè tì í sábẹ́ tábìlì. Mo sì mọ ìgbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ kí àbádòfin tó di òfin. Tí ẹ bá bi mí, èyí wúlò ju gbígba ìjọba lọ.

N kò ní dárúkọ àjọ tó ṣe é. Irú wọn ti pọ̀ n'Ílọrin, ẹni tó bá ń lọ sí fẹ́lóṣíìpù yóò ti rí páálí wọn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Èyí tí mo lọ yìí, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ṣe é, láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan lágbègbè Fátẹ̀. ₦15,000 ni fọ́ọ̀mù, oúnjẹ ò sí níbẹ̀. Àwa tí à ń gbé ní Tánkẹ̀ ò rí ìyọnu. Àwọn tó ń ti Òmù-Àrán, Òrò àti Ọ̀ffà wọ mọ́tò bọ̀ ni mo káàánú. Wọn á ti jí ní kùtùkùtù, wọn á fara da ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, wọn á dé ní aago mẹ́sàn-án bí ìwé ìpè ṣe wí, wọn á wá jókòó máa wo àwọn tó ń tún wáyà máìkì ṣe. Orin ìyìn nìkan máa ń gbà tó wákàtí kan. Ọmọ kọ́yà ni mí, mo fẹ́ràn orin, àmọ́ ìyá ọmọ tó gbé ìkókó pọ̀n wá láti Òmù-Àrán ò san owó mọ́tò nítorí orin tó lè kọ nílé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà fẹ́ sú mi. Jósẹ́fù ní Íjíbítì, Dáníẹ́lì ní Bábílónì, Ẹ́sítérì láàfin: ta ni ò mọ̀ wọ́n láti ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi? Olùkọ́ kan tó wá láti Èkó fi odindi ọ̀sán kan kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ òkè méje, èyí tó ní kí Kristẹni gun orí ìjọba, ẹ̀kọ́, okòwò, ìròyìn, iṣẹ́ ọnà, ìdílé àti ẹ̀sìn, kí wọ́n máa darí gbogbo rẹ̀ látòkè. Gbogbo ilé ń pariwo àmín. Èmi ń rò ó pé tí àbúrò bàbá mi tó jẹ́ Alhaji bá ń kọjá lẹ́nu fèrèsé nísinsìnyí, kí ni yóò gbọ́? Òun ló san owó ilé ìwé mi ọdún kejì ní yunifásítì. Ìlú tí èmi àti òun jọ ń gbé ni wọ́n ní kí n gùn lórí yẹn.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Nehemáyà ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló kọ́ wa. Kò wàásù. Ó ní ká ṣí orí kejì, ká máa ka ohun tí ọkùnrin náà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gba àyè lọ́wọ́ ọba, ó dá ìgbà tí yóò padà. Ó gba lẹ́tà tí yóò fi han àwọn gómìnà tó wà lójú ọ̀nà. Ó gba lẹ́tà mìíràn sí Ásáfù tó ń ṣọ́ igbó ọba, kó lè rí igi lò. Ó dé Jerúsálẹ́mù, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó fi òru yẹ ògiri wò. Ní orí kẹta, ó ti pín iṣẹ́, àwọn kan nínú wọn sì ń mọ èyí tó kọjú sí ilé ara wọn. Màmá wò wá látòkè gíláàsì rẹ̀. “Ẹ̀yin ọmọ mi, àdúrà ni ọkùnrin yìí fi bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀. Lẹ́yìn àdúrà, lẹ́tà ló gbà. Lẹ́tà mélòó lẹ̀yin ti kọ sí ìjọba láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín?” Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, “Há, Mummy!” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Màmá yìí náà ló kọ́ wa ní ìṣúná. Sátidé yẹn nìkan tó owó fọ́ọ̀mù. Ó tẹ ìwé ìṣúná tí ìjọba gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì jáde, ó pín in fún ẹni mẹ́ta-mẹ́ta, ó fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan ní bírò pupa. Ó ní kí kálukú wá ìlú rẹ̀. Ìwé náà nípọn, ojú ìwé kún fún nọ́ńbà, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì tíì fojú rí i rí. Mo ń ṣe àkáǹtì nílé ìwé aládàáni kan, ìwé owó kì í bà mí lẹ́rù, síbẹ̀ ó gbà mí ní àkókò kí n tó mọ orí ẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Màmá ní ká kọ́kọ́ ya owó oṣù àti ìnáwó ọ́fíìsì sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́ àkànṣe bí ọ̀nà, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ó fi ìka tẹ àyè kan, ó ní, “Ibí yìí, owó tí wọ́n fọwọ́ sí ni. Kì í ṣe owó tó jáde. Tí ẹ bá rí iṣẹ́ kan tó ń padà wá sínú ìwé lọ́dọọdún, ẹ lọ wo ìwé ìròyìn ìnáwó tí wọ́n ń gbé jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ mọ èyí tí wọ́n ti ná lórí ẹ̀.”

Ó tún sọ ohun tí mo ń sọ fún gbogbo èèyàn láti ìgbà náà: ẹni tó bá dúró dìgbà tí gómìnà bá gbé ìṣúná lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin kó tó wá bèèrè ilé ìwòsàn ti pẹ́. Oṣù bíi mélòó kan ṣáájú ni àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ti ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni lẹ́tà ìlú ń wúlò. Tó bá ti dé iwájú àwọn aṣòfin mẹ́rìnlélógún, ìgbìmọ̀ kéékèèké tí wọ́n ti ń tú u wò ni kí ẹ lọ bá. Ó ṣàlàyé ti àbádòfin náà: tí ó bá dé ọwọ́ gómìnà, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní láti fọwọ́ sí i tàbí kó sọ pé òun ò gbà, tó bá sì kọ̀ ọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin, ìyẹn mẹ́rìndínlógún ní Kwara, lè sọ ọ́ di òfin láìsí ìfọwọ́sí rẹ̀.

Lọ́dún 2019, gbogbo wa la pariwo “Ó tó gẹ́”, igbe ìbò tí a fi lé ìjọba tó wà nípò ní Kwara, títí ohùn wa fi há. A mọ bí a ṣe ń lé ìjọba lọ. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n búra fún ìjọba tuntun, ta ló mọ ìwé tó yẹ kó bèèrè? Èmi ò mọ̀ ọ́n. N kò tíì gbọ́ ẹni tó kọ́ ọ̀dọ́ ní apá yìí rí, yálà nínú ìjọ tàbí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú.

Wọ́n fún wa ní iṣẹ́ àmúrelé: kí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan fi òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 kọ lẹ́tà béèrè ohun kan. Òfin náà fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ méje láti fèsì, kò sì ní kí ẹni tó ń bèèrè sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń jiyàn tẹ́lẹ̀ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn, àmọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ lọ́dún 2025 pé ó kan gbogbo wọn. Ìsọ̀rí tiwa bèèrè nípa kànga dẹ̀rọ kan, a sì gbé lẹ́tà lọ sí ọ̀kan nínú àwọn káńsù gúúsù Kwara. Bàbá tó gbà á yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

“Àbúrò, ta ló rán yín?”

“Kò sẹ́ni tó rán wa, sà. Àwa la fẹ́ mọ̀.”

“Ẹgbẹ́ wo? Ẹgbẹ́ òṣèlú wo?”

“Ọmọ ìjọ ni wá, sà.”

“Ọmọ ìjọ ń bèèrè kànga dẹ̀rọ?” Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ojú wa bóyá à ń ṣeré. Ọ̀rẹ́ mi rọra tẹ́ ojú ìwé òfin náà síwájú rẹ̀. Bàbá kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde, ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tiwa. Màmá ti kìlọ̀ pé ká má kúrò níbẹ̀ láìrí òǹtẹ̀ yẹn, torí láti ọjọ́ tí wọ́n bá gba lẹ́tà ni a ti ń ka ọjọ́ méje náà. Èsì dé. Ó ju ọjọ́ méje lọ, ìdajì ohun tí a bèèrè ni wọ́n sì dáhùn. Ìsọ̀rí mìíràn ò rí èsì kankan, ibi tí àjọ yìí sì ti já mi kulẹ̀ nìyẹn: kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ohun tó kàn. Òfin fún ẹni tí wọn ò dá lóhùn láàyè láti lọ sílé ẹjọ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, a kà á nínú ìwé, àmọ́ lọ́yà wo ni yóò bá àgùnbánirọ̀ lọ? Ó yẹ kí wọ́n ti wá lọ́yà sílẹ̀ kí wọ́n tó rán wa jáde.

Wọ́n pe lọ́yà kan ṣá, mùsùlùmí ni, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé. Wákàtí méjì péré ni wọ́n fún un nínú gbogbo ètò náà. Gbogbo wa rántí ọdún 2021, nígbà tí ọ̀rọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin lè lo híjáàbù nílé ìwé tí ìjọ dá sílẹ̀ gbóná n'Ílọrin, mo sì rí i lójú àwọn kan pé wọ́n ti gbá ìbéèrè mọ́wọ́. Ó ka abala 10 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa fún wa, tó ní ìjọba kankan ò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ti ìjọba. Ó ka abala 38, tó fún kálukú lómìnira ẹ̀sìn. Ó wá ní, “Abala tí ẹ̀yin ń kà fún wa yìí náà ni àwa ń kà fún yín.” Ariyànjiyàn bẹ́. Ẹnì kan dìde, ó ní ilé ìwé tí bàbá àwọn fi owó ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ńkọ́? Lọ́yà ò yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó bi í ẹni tó ń san owó oṣù olùkọ́ ibẹ̀ báyìí, ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́ ilé náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. A ò parí ẹ̀. Wọ́n ní àsìkò ti tó, wọ́n gba àdúrà, wọ́n mú un jáde. Ní ìpínlẹ̀ tí Lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ ti lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, bí ó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìgbómìnà, ẹ̀kọ́ yìí ni mo rò pé ó yẹ kó gba Sátidé tó pọ̀ jù lọ. Ẹ̀kọ́ òkè méje ni wọ́n fún ní odindi ọ̀sán.

Irú ẹ̀ náà ni ti òfin tó dín ọjọ́ orí olùdíje kù lọ́dún 2018. Wọ́n kọ́ wa dáadáa pé ẹni ọdún 25 lè dupò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ti aṣojú-ṣòfin l'Abuja, dípò 30 tẹ́lẹ̀. Wọ́n dárúkọ ọ̀dọ́ ilẹ̀ òkèèrè tó ti wọlé ìbò. Rukayat Shittu, ọmọ Kwara tiwa yìí, wọlé sílé ìgbìmọ̀ lọ́dún 2023 láti ẹkùn ìdìbò Òwódé/Oníre n'Ásà, ọmọ ọdún 26, ẹnikẹ́ni ò sì dárúkọ rẹ̀ títí mo fi nawọ́. Olùdarí ètò ní, “Ìyẹn náà dáa.” Ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí kálukú sọ ipò tó wù ú. Ààrẹ, gómìnà, sẹ́nétọ̀, ọwọ́ ń lọ sókè bí igbó àgbàdo. Ipò sẹ́nétọ̀ mẹ́ta ló wà fún gbogbo Kwara. Aṣojú-ṣòfin jẹ́ mẹ́fà. Wọ́ọ̀dù 193 ló wà, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló sì ní káńsílọ̀ tirẹ̀. Arákùnrin kan ṣoṣo, télọ̀ láti Ifẹ́lódùn, ló ní káńsílọ̀ ló wu òun, wọ́n sì fi í rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní kó ní ìran tó tóbi. Inú bí mi. Òun nìkan ló dárúkọ iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ mọ ilé gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣe é fún.

Àwọn àléébù tó kù ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Olóṣèlú kan wá bẹ̀ wá wò, ó ya fọ́tò, ó lọ, ìbéèrè kankan ò tó o létí. Wọ́n gba ₦5,000 lọ́tọ̀ fún sàtífíkéètì tí wọn ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù, mo sì san án pẹ̀lú ìbínú. WhatsApp wa tí wọ́n ní yóò di ibi tí a ó ti máa tọpa iṣẹ́ ìjọba ti di ibi tí wọ́n ń fi àdúrà òwúrọ̀ ránṣẹ́ sí.

Nítorí náà, tí sàtífíkéètì tàbí ojúlùmọ̀ olóṣèlú lẹ ń wá, ẹ fi owó yín sápò. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìjọba ṣe ń náwó ní ìlú yín, tí ìwé kíkà ò sì sú yín, ẹ lọ, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gba ètò ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ wò ó bóyá ìṣúná àti lẹ́tà kíkọ wà níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá Màmá yẹn ló ṣì ń kọ́ ọ, kí ẹ sì bi wọ́n wákàtí mélòó ni wọ́n fún lọ́yà mùsùlùmí náà lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ gbogbo owó sínú ìwé, ti sàtífíkéètì náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Òmù-Àrán àti Ọ̀ffà, ẹ bèèrè bóyá wọn yóò ṣe ti gúúsù Kwara lọ́tọ̀. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní tí èèyàn bá pọ̀ tó, àwọn á wá.