Sílíńdà apaná ti pọ́dà àbí ti CO2: èwo ni kẹ́ ẹ rà sílé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Bẹẹrẹ tàbí Màpó n'Ìbàdàn, ẹ mọ bílé ṣe sún mọ́ra níbẹ̀, páànù ilé kan ń gun ti èkejì, mọ́tò panápaná ò lè wọ ẹ̀yìnkùlé, ká má tiẹ̀ sọ ìgbà ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan ti gbẹ. Kí wọ́n tó dé, nǹkan tó wà lọ́wọ́ yín lẹ máa fi jà.

Sílíńdà apaná méjì ló wọ́pọ̀. Ti pọ́dà ní géèjì kékeré lórí, ti CO2 (gáàsì kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì ló wà nínú ẹ̀) ò ní, ẹnu tiẹ̀ dúdú, ó sì fẹ̀ bíi fèrè.

Pọ́dà tí wọ́n kọ ABC sí lára á pa iná igi, aṣọ, fóòmù, pẹtiróòlù, títí kan ti gáàsì, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ ò bá lè ti ẹnu gáàsì yẹn ẹ má pa iná ẹ̀, torí gáàsì á kàn máa tú jáde títí á fi tún rí iná míì, ìyẹn ló ń bú gbàmù. Wàhálà pọ́dà ni ìdọ̀tí, tó bá wọnú kọ̀ǹpútà, ó lè bà á jẹ́.

CO2 ò dọ̀tí rárá, òun ni mo fẹ́ fún ṣọ́ọ̀bù fóònù àti ibi tí ínfátà wà. Tó bá jẹ́ fóòmù ló ń jó ńkọ́? Á kú lójú, á tún ràn, torí ẹ̀yinná ṣì wà nínú ẹ̀. Ẹ má di ẹnu dúdú yẹn mú o, òtútù ẹ̀ ń bó ọwọ́, tẹ́ ẹ bá sì fín in nínú yàrá kékeré, ẹ jáde kíá kó má baà sé yín léèémí.

Iná òróró dòdò, ẹ má fi èyíkéyìí sí i, ẹ má da omi sí i láéláé. Ẹ pa gáàsì, ẹ fi ọmọrí tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì apaná bò ó, ẹ má tètè ṣí i.

Tówó kan ṣoṣo bá wà, pọ́dà kílò 6 ni kẹ́ ẹ rà. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ọwọ́ géèjì gbọ́dọ̀ wà lójú àwọ̀ ewé, píìnì àti síìlì ẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Ti CO2, ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, kẹ́ ẹ fi wé iye tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Èyí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ gbé e sítòsí ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, ẹ sì ti pe 615 (nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́) tàbí 112 kẹ́ ẹ tó fa píìnì yọ, torí kì í pẹ́ tán.