Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oní-Wi-Fi nìkan àbí èyí tó ní ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì (Ethernet): èwo ni kí ẹ rà fún ọ́fíìsì?

Iye owó íǹkì àti bí ẹ̀rọ ṣe ń yára tẹ̀wé, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè wọn. Àdírẹ́sì ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń wá a rí, ni kí ẹ bá mi wò, torí ibẹ̀ ni owó mi bá lọ.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, Wi-Fi àti USB nìkan ló ní. Ó ń tẹ̀wé dáadáa. Àmọ́ ní ọ́fíìsì wa n'Íbàdàn, iná lè lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìgbà tí a bá sì yí sí jẹnẹrétọ̀ ni router, àpótí tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún wa, ń kú tó ń jí. Tó bá jí, ó ti gbàgbé ẹni tó fún ní àdírẹ́sì wo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń fún. Fóònù àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń ṣáájú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ibẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe kúrò ní 192.168.8.102 bọ́ sí èyí tó parí sí 105 nìyẹn, tí kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń wá a lọ sí 102. "Offline" ni wọ́n ń kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pe oníṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà tó tún un fi sí i, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sanwó. Èyí tó dùn mí jù ni ti oníbàárà kan tí a ń tẹ ìwé àdéhùn fún. A tẹ̀ ẹ́ títí, kò jáde, ó bínú lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ padà sí 102, ìwé àdéhùn náà sì jáde lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

Èyí tí mo ń lò báyìí ní ihò wáyà, ó sì ní ojú kékeré tó ń fi àdírẹ́sì rẹ̀ hàn. Ọ̀nà méjì ni ẹ lè gbà so àdírẹ́sì mọ́ ọn. Ẹ lè kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ gan-an: bí router bá ń pín àdírẹ́sì tó parí sí 100 dé 200, ẹ mú 50 kó má baà kọlu ẹlòmíràn, kí ẹ fi 255.255.255.0 sí àyè tí wọ́n kọ subnet sí, kí àdírẹ́sì router fúnra rẹ̀ wà ní àyè gateway. Ó dára, àfi lọ́jọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ router sí èyí tí àdírẹ́sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.0, ẹ̀rọ yóò sọnù pátápátá. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ ka MAC address ẹ̀rọ, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ṣe mọ́ ọn, kí ẹ lọ sórí router, kí ó fi àdírẹ́sì kan pamọ́ fún un. Èyí ni mo fara mọ́, torí bí router bá yí padà, ẹ kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: orí router ni ẹ óò tún ṣe, àti lórí kọ̀ǹpútà bí àdírẹ́sì bá yí. Ẹ kíyè sí i pé MAC ti wáyà yàtọ̀ sí ti Wi-Fi. Lórí Windows, ẹ yan "Standard TCP/IP Port", kó lè máa wá ẹ̀rọ lọ sí àdírẹ́sì yẹn, kó má baà fúnra rẹ̀ yan WSD, ọ̀nà tí Windows fi ń dá wá ẹ̀rọ kiri.

Ká má parọ́, ẹ lè so àdírẹ́sì mọ́ oní-Wi-Fi náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí password Wi-Fi padà, ó ti jábọ́ nìyẹn, àdírẹ́sì tí ẹ fi pamọ́ kò sì lè gbà á.

Owó: oní-Wi-Fi sábà máa ń dínwó.
Àyè: oní-Wi-Fi, ibi tó bá wù yín tí Wi-Fi bá ti dé lẹ lè gbé e sí; oní-wáyà, wáyà gbọ́dọ̀ lè dé ibi tó wà.

Ẹni tó bá dá nìkan ń lo kọ̀ǹpútà kan, kó ra oní-Wi-Fi, kó fi USB so ó, kò nílò àdírẹ́sì kankan. Bí ẹ bá tó mẹ́ta sókè, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ padà ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó, kí ẹ fi ojú ara yín rí ihò wáyà.