Access to Work: owó ń bẹ níbẹ̀, ìdúró rẹ̀ ló pọ̀

Access to Work, ètò ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń san owó ìrànlọ́wọ́ tí èèyàn nílò kó lè ṣiṣẹ́, wúlò gan-an fún òṣìṣẹ́ tí àìsàn ń dí lọ́wọ́, àmọ́ ẹni tó bá rò pé kíákíá ni yóò rí i gbà ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Owó náà kì í ṣe gbèsè, kì í sì í dín owó ìrànwọ́ mìíràn kù. Ètò tí Northern Ireland ń lò yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Òtútù, òùngbẹ àti àárẹ̀ ló sábà máa ń jí ìrora rẹ̀ dìde. Pé kí wọ́n gbé ìjókòó rẹ̀ kúrò níwájú ẹ̀rọ amúlétutù, kó lè máa sinmi mu omi, kí wọ́n yọ ọ́ nínú iṣẹ́ òru, ọrùn agbanisíṣẹ́ ni gbogbo ìyẹn wà lábẹ́ òfin ìdọ́gba (Equality Act 2010). Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá kankan ní kí ẹ lọ béèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ Access to Work. Wọn ò ní san án. Tiwọn ni takisí fún ẹni tí kò lè wọ bọ́ọ̀sì, olùrànlọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́, tàbí àkànṣe àga.

Fọ́ọ̀mù ló ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Wọ́n á kọ orúkọ àìsàn, ó parí. Orúkọ àìsàn ò sọ ohun tí ẹ nílò. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Tí mo bá fi ogún ìṣẹ́jú dúró de bọ́ọ̀sì nínú òtútù, ẹsẹ̀ á dùn mí wọ eegun, mi ò sì ní lè dúró nídìí káńtà.” Èyí ni òṣìṣẹ́ wọn lè fi ṣe ìpinnu. Ní ti takisí, wọ́n sábà máa ń béèrè iye tí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta máa gbà, wọ́n á sì yọ owó bọ́ọ̀sì tí ẹ ì bá san kúrò.

Ẹ tètè béèrè. Tó bá jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni, wọ́n lè san gbogbo owó ohun èlò. Lẹ́yìn ìyẹn, ibiṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 50 sí 249 á kọ́kọ́ san £500, èyí tó ní 250 sókè á san £1,000, kí òun àti Access to Work tó pín ìyókù. Ibi tí kò tó 50 ò san kọ́bọ̀. Ọ̀gá tó bá mọ èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ janpata.

Ẹ má ra ohunkóhun kí lẹ́tà ìfọwọ́sí tó dé, torí wọn kì í dá owó ohun tí ẹ ti rà ṣáájú padà. Ìdúró náà le, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tí iṣẹ́ tuntun rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí náà ẹ sọ ọjọ́ náà fún wọn. Tí wọ́n bá sì kọ̀, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ mìíràn tún un yẹ̀ wò.