Àpótí yanrìn tó ń kó ìgbẹ́ ológbò fúnra rẹ̀: ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù mẹ́rin

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Mo fẹ́ sùn, mo na ọwọ́ sí ìrọ̀rí, ó tutù, ó sì ń rùn. Àkànní, ológbò mi, ti tọ̀ sórí ibùsùn. Ọdún 5 tí mo ti ń tọ́ ọ, kò tọ̀ síta àpótí rẹ̀ rí. Ìgbà kẹta sì nìyẹn láàárín ọjọ́ 4: ó kọ́kọ́ tọ̀ sórí aṣọ tí mo fẹ́ fọ̀, lẹ́yìn náà sínú ọpọ́n ìwẹ̀. Orí ẹ̀rọ tuntun tí mo rà fún un ni mo da gbogbo ìbínú mi lé.

Àpótí yanrìn tí ológbò ń tọ̀ sí, tó sì ń yàgbẹ́ sí, ni ẹ̀rọ náà. Ó ń yí, ó ń sẹ́ yanrìn, ó ń ju ìdọ̀tí sínú àpò ìsàlẹ̀, ó sì ń kọ gbogbo ìgbà tí ológbò bá wọlé sórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ 5 àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi gan-an. Ilé kò rùn, mi ò bẹ̀rẹ̀ kó nǹkan láràárọ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó bá yà kí mi ni mo ń fi hàn.

Aago 10 alẹ́ ọjọ́ ìrọ̀rí yẹn ni mo pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ wọn. Orin ni mo fi ìṣẹ́jú 12 gbọ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó gbé e ní sùúrù, ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé ìwé kan ló ń kà sí mi létí.

"Ẹ kú alẹ́, mà. Ṣé ẹ ti pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì tún tàn án?"

"Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ológbò ni ò wọ inú rẹ̀ mọ́."

"Ẹ bá mi pa á ná, mà, kí ẹ tún tàn án."

Mo pa á, mo tàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ariwo rẹ̀ gba yàrá kan, Àkànní sì sá wọ abẹ́ àga. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní a jẹ́ pé ìwà ológbò mi ló burú. Ó ní kí n ti imú rẹ̀ mọ́ ibi tó tọ̀ sí, kí n jágbe mọ́ ọn, kò ní dán an wò mọ́. Ó tún gbà mí níyànjú pé kí n bu yanrìn wọn tó ní òórùn òdòdó kún un.

Ó dùn mí láti kọ èyí. Mi ò ti imú rẹ̀ mọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo fà á jáde lábẹ́ àga, mo nàka sí ibùsùn, mo sì pariwo lé e lórí títí ohùn mi fi há. Kò sá, kò bú mọ́ mi. Ó kàn ká ara rẹ̀ jọ, ó ń fi ahọ́n lá ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Mo rí i tó ń lá a. Mi ò mọ ohun tí mò ń wò.

Aago 7 àárọ̀, mo tún pè wọ́n láti gba owó mi padà. Obìnrin kan ló gbé e lọ́tẹ̀ yìí. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí n tó kọ̀wé owó yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí àkọsílẹ̀ orí fóònù yín. Ìgbà mélòó ló wọlé láti alẹ́ àná?"

Mo ti pa ìró rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ṣí i. Èmi tí mo ń sọ pé kò wọ inú rẹ̀ mọ́! Ìgbà 14 ló wọlé lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìgbà 3 tàbí 4 ló máa ń wọ̀ ọ́ lójúmọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ fa àpò ìsàlẹ̀ jáde. Ṣé yanrìn tí ìtọ̀ mú dì wà níbẹ̀?"

Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rí, kò ju èékánná lọ.

"Ṣé akọ ni?"

"Akọ ni."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mà, èmi kì í ṣe dókítà o. Ṣùgbọ́n akọ ológbò tó ń wọlé tó ń jáde tí ìtọ̀ ò jáde, wọn kì í fi í dúró. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko báyìí báyìí. Ọ̀rọ̀ owó yín wà lọ́wọ́ mi."

Dókítà fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, Àkànní ké. Àpò ìtọ̀ rẹ̀ ti kún, ó le bí òkúta. Dókítà ní ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ akọ ológbò ń gbà jáde tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, èérún bíi yanrìn àti ohun tó ń yọ̀ bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè dí i pa. Bí ìtọ̀ kò bá ti rọ́nà, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á daṣẹ́ sílẹ̀, potassium, irú iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀, á sì pọ̀ débi tí ọkàn á fi dúró. Láàárín ọjọ́ 2 tàbí 3, ológbò ti lè kú. Wọ́n kùn ún lóorun, wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n fa omi sí i lára. Ó sùn síbẹ̀ fún òru 3. Mo sunkún lórí ìjókòó níbẹ̀ nítorí ariwo tí mo pa lé e lórí.

Wọn ò rí kòkòrò àìsàn kankan nínú ìtọ̀ rẹ̀. Dókítà ní ìdààmú ọkàn nìkan lè mú kí àpò ìtọ̀ ológbò wú, ó wá bi mí léèrè ohun tó yí padà nínú ilé. Nígbà tí mo ṣàlàyé ẹ̀rọ náà, ó mi orí. Ẹ̀rọ náà bò pa, ó ń pariwo, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há, òórùn òdòdó tó ń dùn mọ́ wa sì ń ni ológbò lára. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ológbò tí ara ti ro nínú àpótí kan á gbà pé àpótí náà ló fa ìrora òun. Ó ní kí àpótí fi ẹyọ kan ju iye ológbò lọ, kí gígùn rẹ̀ tó ìlọ́po kan àbọ̀ gígùn ológbò, kí yanrìn rẹ̀ kúnná, kó má ní òórùn. Oúnjẹ olómi ni kí n máa fún un, kí ó lè máa tọ̀ dáadáa. Ó tún ní kí n fi ọṣẹ tó ní enzyme, èròjà tó ń fọ́ ìtọ̀ sí wẹ́wẹ́, fọ gbogbo ibi tó tọ̀ sí, kí n má fi ohun tó ní amonia fọ̀ ọ́, torí òórùn ìyẹn jọ ti ìtọ̀.

Ọjọ́ kejì tí a délé, obìnrin náà pè mí. "Àkànní ńkọ́?" ló kọ́kọ́ bèèrè. Ó ní owó mi ti wà nílẹ̀ ní pípé. Mi ò gbà á.

Àpótí gbalasa 2 ni Àkànní ń lò báyìí. Ẹ̀rọ náà ṣì wà ní igun rẹ̀, mo ti da yanrìn olódòdó yẹn nù, mo ti pa yíyí rẹ̀. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí Àkànní bá wà ní yàrá mìíràn. Ó ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, nígbà mìíràn kò wọ̀ ọ́ rárá. Ìbòrí rẹ̀ kò ṣeé ṣí kúrò. Ìró kan náà ló fi ń sọ pé ológbò wọlé lẹ́ẹ̀kan àti pé ó wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, èyí tí n kò lè dárí jì wọ́n. Ìwé tó bá a wá kò sì ní ìlà kan ṣoṣo nípa akọ ológbò tí kò rí ìtọ̀ tọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ẹ̀rọ náà, ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Bí àyè bá wà láti pín in, ẹyọ kan ni n bá fún ẹ̀rọ, kí 4 tó kù jẹ́ ti obìnrin aago 7 àárọ̀ yẹn.