Patch fentanyl àti gel tó ń gbọ́ràn sí iná mànàmáná: èwo ló sàn jù?

Patch fentanyl, ìyẹn oògùn ìrora tó lágbára gan-an, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ẹni tí ìrora ń bá fínra, wákàtí 72 ló máa ń lò kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀, kò nílò bátìrì, kò sí wáyà, oògùn kàn ń rọra gba awọ wọlé ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò mọ̀gbà tí ìrora le, kò mọ̀gbà tó rọlẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì yọ ọ́, èyí tó ti wọnú awọ á ṣì máa wọ ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé nǹkan gbígbóná lé e o, ooru máa ń jẹ́ kí oògùn pọ̀ jù lára, ó lè pààyàn.

Gel ní tiẹ̀, ìyẹn nǹkan rírọ̀ tí wọ́n fi oògùn sínú ẹ̀, iná mànàmáná ló ń pàṣẹ fún un. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, bí iná kékeré bá kọjá, òmíràn á sún kì, á fún oògùn jáde bíi kànìnkànìn, òmíràn á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 1991, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kwon, Bae àti Kim kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature pé àwọn fi iná tú insulin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, sílẹ̀ nínú irú gel tó ń yọ́ yẹn, tí wọ́n bá tan iná oògùn á jáde, tí wọ́n bá pa á á dúró. Èyí wù mí gan-an, torí insulin tóbi ju ohun tí patch lásán lè gbà wọ awọ lọ! Àmọ́ iná lè sọ omi ẹ̀gbẹ́ electrode, ìyẹn ibi tí iná ń gbà wọnú gel, di ásíìdì, ìyẹn ò dáa fún ara.

Fún ìrora tó ń wà ṣáá, patch ni mo fara mọ́ báyìí. Fún ìtọ̀ ṣúgà, gel ni mò ń retí.