Ilé tó ń yá oòrùn ní Santa Fe

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ilé yìí. Ọ̀kan tó kù, kọ́tìnì ló gbà á.

Ìparí oṣù Kejìlá ni a gbéra láti Houston: èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ, àti ìyá ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ọ̀yọ́. Santa Fe, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ New Mexico l'Amẹ́ríkà, fi nǹkan bíi mítà 2,200 ga ju òkun lọ, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi súẹ́tà lásán kojú.

Onílé kọ ọ́ sínú ìpolówó pé oòrùn ló ń mú ilé náà móoru. Ọkọ mi ní ẹnu ọlọ́jà ni. A débẹ̀, kò sí páńẹ́lì kankan lórí òrùlé. Ògiri tó kọjú sí gúúsù ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà: gíláàsì ni látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n fèrèsé kékeré méjì péré ló wà lápá àríwá. Bíríkì alámọ̀ tí wọ́n sá sóòrùn ni wọ́n fi mọ ògiri tó kù, ó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Bíríkì pupa tó ṣú díẹ̀ ni ilẹ̀ pálọ̀. Ní ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ kì í ga ju nǹkan bíi ìwọ̀n dígírì 31 lọ, ó ń gba abẹ́ òrùlé wọlé títí dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Tó bá di oṣù Kẹfà, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí, òrùlé tó yọ síta á sì ṣíji bo gíláàsì náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, láìtan hítà, Màmá bọ́ kọ́ọ̀tù, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó tẹ́ ìró síbi tí oòrùn ń pa, ó nà gbalaja. Ó fọwọ́ pa bíríkì lára. "Ìyàwó, ilẹ̀ yìí lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀yìn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn jí." Ló bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ilé alámọ̀ bàbá rẹ̀, èyí tí kì í mooru bí ẹ̀ẹ̀rùn ti wù kó mú tó. Amọ̀ kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n bẹ̀ ẹ́.

Alẹ́ àkọ́kọ́ ló bí mi nínú. Kọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ó ki bíi bẹ́ẹ̀dì. A rò pé ẹ̀ṣọ́ ni, a ṣí i sílẹ̀ ká lè máa wo ìràwọ̀. Nígbà tó máa fi di agogo mẹ́rin ìdájí, eyín wa ń gbá ara wọn: gbogbo ooru ọ̀sán ti gba ara gíláàsì jáde. Mo pe onílé. "Àbí ẹ ò fa kọ́tìnì ni?" Ta ló sọ fún wa? Ìwé kan lára ògiri ì bá ti tó. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, a fà á kí oòrùn tó wọ̀ tán. Omi inú ike tí ọmọ gbàgbé sínú mọ́tò di yìnyín, pálọ̀ ò sì tutù.

Ọjọ́ kẹta, ojú ọ̀run ṣú, yìnyín ń bọ́, a dáná igi. Igi pọ̀ nílẹ̀, mi ò ráhùn. Àwọn ọmọ ló ń ráhùn pé oòrùn ò jẹ́ káwọn rí tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án. Ìyẹn dùn mọ́ mi.

Tẹ́ ẹ bá máa gbà á, ẹ tètè mú yàrá apá gúúsù. Ti àríwá ló kan èmi àti ọkọ mi, ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì la wọ̀ sùn. A bẹ Màmá títí pé ká pààrọ̀, wọ́n ṣe bí ẹni tó ti sùn lọ.