Ẹ̀kọ́ inú igbó ní Yankari: ẹ jẹ́ kí rénjà ṣíwájú àwọn ọmọ

Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí ní Jos. Ní ọjọ́ Sátidé, mo tún máa ń kó àwọn ọmọ Yorùbá àdúgbò wa jọ láti kọ́ wọn ní èdè àti àṣà ilé. Àwọn ọmọ Sátidé yìí ni mo kó lọ sí Ọgbà Ẹranko Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, àwọn òbí mélòó kan sì bá wa lọ. Ọ̀pọ̀ òbí àti tíṣà ló ti ń bi mí bóyá ó yẹ kí àwọn náà kó ọmọ lọ. Ó yẹ, ó yẹ dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó mú kó yẹ kì í ṣe pé ẹ ó rí ẹranko. Rénjà, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ igbó tó ń mú àwọn ọmọ káàkiri, ni.

Mo ti rí ìrìn-àjò iléèwé tó jẹ́ pé ráìsì ni àwọn ọmọ lọ jẹ, wọ́n ya fọ́tò níwájú àgò kìnnìún, wọ́n sì padà sílé. Kò sí àgò ní Yankari. Igbó gidi ni, ó fẹ̀ tó 2,244 kìlómítà níbùú lóròó, ẹranko ló sì ni ín. Ẹni tí kò bá mọ ipa ẹsẹ̀ wọn lè wà nínú ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kó má rí ju ọ̀bọ lọ.

Láti Bauchi, ọ̀nà Gombe ni ẹ ó gbà, ẹ ó yà ní Dindima, ẹ ó sì bá géètì ní Mainamaji. Ẹ má rò pé ẹ ti dé o. Ọ̀nà ṣì jìn nínú igbó kí ẹ tó kan Wikki, níbi tí ilé àlejò wà. Awakọ̀ tí a háyà pẹ́ kó tó wá gbé wa, nítorí náà ìrìn ìrọ̀lẹ́ ni a bá.

Ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n to àga sí lẹ́yìn rẹ̀, tí kò ní ògiri, ni wọ́n fi ń gbé èèyàn wọ inú igbó. Rénjà jókòó níwájú pẹ̀lú ìbọn rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra ló ti sọ òfin fún àwọn ọmọ: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pariwo, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí òun tó sọ̀. Ó ń fi Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé, àwọn ọmọ tí a bí sí òkè ọya sì gbọ́ méjèèjì. Èmi ń fi Yorùbá kún un lẹ́yìn.

Nígbà tí a rìn díẹ̀, ó ní kí wọ́n pa ọkọ̀. Ó ní kí gbogbo wa di ojú, kí a dákẹ́, kí oníkálukú máa fi ìka ka iye ohùn tó bá gbọ́. Àwọn ọmọ tí kì í lè dákẹ́ nínú kíláàsì mi dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹyẹ pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kà, àwọn kan gbọ́ ewé gbígbẹ tó ń ró, ọmọbìnrin kékeré kan sì ní òun gbọ́ ẹni tó ń ṣẹ́ igi. Rénjà ní òótọ́ lo sọ, erin ló ń ṣẹ́ igi yẹn, ó wà lódìkejì odò. Ó ní kí a lọ wo ibi tí wọ́n gbà kọjá.

Ibi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jù lọ nìyí. Nítòsí odò Gaji, ọkọ̀ dúró lórí iyanrìn. Rénjà nìkan ló kọ́kọ́ sọ̀. Ó bu eruku sọ́wọ́, ó jẹ́ kó máa dà láàárín ìka rẹ̀, ó ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Ó ṣàlàyé pé ojú erin kò fi bẹ́ẹ̀ ríran jìnnà, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ mú púpọ̀, àwọn tí ó bá fẹ́ sún mọ́ ọn ní láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ kọjú sí. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ máa sọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ojú ẹsẹ̀ erin wà nílẹ̀ kedere. Ti iwájú rí róbótó, ti ẹ̀yìn gùn díẹ̀, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì hàn lórí eruku bí ẹrẹ̀ tó gbẹ tó sán. Rénjà bi wọ́n pé, "Báwo lẹ ṣe máa mọ bí erin yìí ṣe ga tó, láìrí i?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tọrọ okùn, kò sí okùn, ni ọ̀kan nínú àwọn ìyá bá tú ìborùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ìborùn náà yí etí ojú ẹsẹ̀ iwájú po, kí wọ́n fi ìka mú ibi tó pàdé, kí wọ́n wá nà án. Mo ní téèpù ìwọ̀n nínú báàgì: ó jẹ́ 118 sẹ̀ǹtímítà. "Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì," ni ó wí. Ọmọkùnrin kan kúnlẹ̀, ó ṣírò rẹ̀ sórí iyanrìn, ó rí 236. Rénjà ní ibi tí èjìká erin náà ga dé nìyẹn, kò ní yàtọ̀ púpọ̀. Ó wọn igi kan, ó gbé e dúró, àwọn ọmọ sì ń kọjá lábẹ́ ibi tó fọwọ́ sí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbójú sókè. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní ìwọ̀n àti ìṣirò, n kò rí i kó yé wọn báyìí rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló fi igi tú ìgbẹ́ erin. Àwọn kan di imú, ṣùgbọ́n wọn kò sá. Inú rẹ̀ ṣì tutù, èyí tó fi hàn pé kò tíì pẹ́, yímíyímí sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Koríko tí kò dà pọ̀ níbẹ̀, hóró èso àjàgbọn náà wà níbẹ̀. Erin lè jẹ tó 150 kìlógíráàmù oúnjẹ lójúmọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń jáde láì dà tán, nítorí náà ibi tí erin bá rìn dé ni hóró igi ń dé. Ọmọ kan béèrè pé, bí erin bá tán ńkọ́? Rénjà kò fi ọ̀rọ̀ bò fún un. Ó ní àwọn igi kan kò ní rí ẹni gbé hóró wọn lọ jìnnà mọ́.

A rí àwọn erin náà níkẹyìn, lódìkejì omi, ìyá àgbà kan ló ṣáájú wọn. Ọmọ kan sọ fún mi pé inú àlọ́ Ìjàpá nìkan ni òun ti mọ erin tẹ́lẹ̀. A rí ìmàdò, a rí àgbọ̀nrín, ọ̀bọ kò ṣe é kà.

A kò rí kìnnìún, ó sì dun àwọn ọmọkùnrin wa. Ohun tó wú mi lórí ni pé rénjà sọ ìdí rẹ̀ fún wọn láìdẹ́rù bà wọ́n: àwọn tó kù ní Nàìjíríà kò pọ̀, Yankari àti ọgbà Kainji nìkan ni wọ́n ṣì wà. Ó sọ nípa àwọn ọdẹ tó ń jí ẹran pa, àti eyín erin tí àwọn orílẹ̀-èdè fòfin de òwò rẹ̀ láàárín ara wọn ní 1989, tí àwọn kan ṣì ń tà. Ó sọ bí àwọn ṣe ń fẹsẹ̀ rìn nínú igbó fún ọjọ́ púpọ̀ láì délé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan bi í bóyá ẹ̀rù máa ń bà á. Ó ní, "Ó máa ń bà mí." Àwọn ọmọ yí i ká ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Omi Wikki kò nílò ìpolówó. Abẹ́ òkúta ló ti ń sun jáde, ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀, 31 ni ìwọ̀n ooru rẹ̀ lórí Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, ọyẹ́ ì báà mú. Ẹ mú tẹmómítà dání kí àwọn ọmọ fojú ara wọn rí i. Oúnjẹ yín ni kí ẹ ṣọ́: àwọn ọ̀bọ Wikki kò mọ àlejò, wọ́n gbé búrẹ́dì lórí tábìlì wa lójú gbogbo wa. Ihò àpáta Marshall, tí àwọn èèyàn àtijọ́ gbẹ́ sínú òkúta, tó 59. Àwọn ọmọ JSS gbádùn rẹ̀, ó ti rẹ àwọn kékeré. Ọmọ tí kò bá tíì dé Pírámárì Kẹta, ẹ fi sílẹ̀ nílé lákọ̀ọ́kọ́ ná.

Fún ẹni tó bá ti ń múra: Yankari di ibi ìpamọ́ ẹran ní 1956, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991, ṣùgbọ́n láti 2006 ó ti padà sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Bauchi. Bauchi ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí, kì í ṣe Abuja, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọmọ iléèwé lẹ ń kó bọ̀, ẹ sì fẹ́ rénjà tí yóò kọ́ wọn. Ẹ bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí kí ẹ tó gbéra, ẹ má sì rìn lálẹ́. Láàárín Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Karùn-ún ni kí ẹ lọ, nígbà tí omi ti gbẹ níbòmíràn tí àwọn ẹranko ń wá sí odò Gaji. Lásìkò òjò, koríko a ga ju ojú ọmọ lọ.

Àwọn ọmọ SS mi ló kàn. A ó sùn ní Wikki lọ́tẹ̀ yìí, kí a lè bá rénjà wọ igbó láàárọ̀ kùtùkùtù, mo sì ti sọ fún wọn pé kí oníkálukú mú okùn dání.